Ìpè Ìkẹyìn fún Àwẹ̀ró

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà Ilé Ìfarabalẹ̀ lé mi padà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kò ju pé kí ó tẹjú mọ́ àmì funfun kan lára ògiri fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi lè ka oókan dé ọgbọ̀n. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kí n dé ìdajì ni mo rántí pé n kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbà ọwọ́ mi, tó máa ń mọ̀ bí ọkàn bá ti yà, sì yí sí àwọ̀ ìyeyè. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo dé ogún, àfi bí ẹnì kan ṣe gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn mi, tí mo gbọ́ pé ṣéènì rẹ̀ ń wá òróró. Ẹ̀gbà tún yí.

"Ẹ mí kanlẹ̀, bàbá," ni obìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wí. "Ẹ má kà á. Ẹ kàn máa wò ó."

"Bí mi ò bá kà á, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó?"

"Ilẹ̀kùn ló máa sọ fún yín. Ẹ ṣe kíá, ọmọ yín ti wọ ìbòjú láti aago méje."

Ìgbà kẹta ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo wọlé bí ẹni tó jalè tí wọn kò rí mú.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Ìran tiwa ni fóònù jẹ ojú àti ọkàn wọn tán kí ìjọba tó jí, àwa náà la sì ń fi ẹ̀gbà rìn káàkiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n so aṣọ mọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá yí ju ìgbà mẹ́wàá lọ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, kò gbọdọ̀ ṣọ́ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dá gbé ọmọ ọlọ́mọ. Tèmi ń yí tó ogójì. N kò sì lè bú òfin náà tán, nítorí òun ló ń bọ́ mi: ẹni tí wọ́n bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ra kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ tó bá sì bàjẹ́ ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ èmi Oyèdìran ni wọn yóò gbé e wá.

Ìyáàfin Sówándé, olórí àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ, ti ń dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbà tirẹ̀ mọ́ bí omi. Wọ́n ní kò yí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kì í wo ẹ̀gbẹ́ kankan.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Fẹ̀hìntọlá."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹnu ọ̀nà yín ló dá mi dúró."

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sí iwájú fèrèsé gíláàsì kan, ó sì tọ́ka sínú yàrá.

Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán, ìbòjú dúdú bò ó láti iwájú orí dé imú. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí eékún, àtàǹpàkò ìkejì wà lórí bọ́tìnì kékeré kan. Lára ògiri, wọ́n gbé ohun tí ó ń rí nínú ìbòjú jáde kí àwa náà lè rí i: ọmọ ìkókó kan nínú àpótí gíláàsì, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyà náà á dúró. Fẹ̀hìntọlá á tẹ bọ́tìnì, ọmọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpótí náà, gbogbo ayé ni ẹ̀rọ ń kó wá láti fà á lójú mọ́ra. Iná sọ lójijì. Ẹnì kan ké olè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wá wo nǹkan!" Ọmọ mi kò mira.

"Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Ìyáàfin Sówándé wí. "Èémí kan ṣoṣo kò tíì bọ́ mọ́ ọn lójú."

N kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tó ti rí agbára yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí Mórádékẹ́ ìyá rẹ̀ lọ bí àbúrò rẹ̀, tí wọn kò sì padà wálé, àti ìyá àti ọmọ. Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀rọ tí ń ka èémí rẹ̀ gbójú sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó sunkún ní ilé ẹjọ́. Ó ní òun rò pé kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mo gbà á gbọ́, nítorí ká ní èmi ni mo jókòó síbẹ̀, èmi náà ì bá gbójú sí i.

Láti ìgbà náà ni Fẹ̀hìntọlá ti ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́nu: òun fẹ́ máa ṣọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, ìdánwò òní ló sì kù. Bí ó bá yege, ọkọ̀ wọn yóò wá gbé e ní ọjọ́ kẹta, yóò lo ọdún méje níbẹ̀, yóò sì máa wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá já, kò sí ìdánwò mìíràn.

Ṣé ẹ rí i, èmi gan-an ni mo ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ó fẹ́ wọ ilé yìí, wọ́n fún gbogbo òbí ní ìwé kan. Ìbéèrè ojú ewé àkọ́kọ́ lọ báyìí: Kí ni ohùn tí ó máa ń tètè yí orí ọmọ yín padà ju gbogbo ohùn lọ? Ẹ mú un wá. Ìyá Gbádébọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa gba ìró dòdò tí ń ta nínú epo sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn mú ìró fóònù wá. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ fi ohùn náà ti ọmọ lẹ́yìn ni. Kí ni a sì ń fi ti ọmọ lẹ́yìn nílé wa bí kò ṣe oríkì rẹ̀? Ọmọ tó bá gbé ẹrù tó wúwo, a ó kì í, ẹrù á fúyẹ́. N kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo lọ gbé àbúrò bàbá mi obìnrin láti oko, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ẹni tó mọ oríkì ìdílé wa láti orí dé ìrù. Èmi àti ìyá náà jókòó níwájú ẹ̀rọ wọn fún odindi ìdajì ọjọ́, à ń ki Fẹ̀hìntọlá ní Àwẹ̀ró, orúkọ oríkì rẹ̀. Ìyá náà kì í títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí a parí, inú mi dùn débi pé mo ra ẹmu fún un.

Ìdènà ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Gbogbo ohùn tí àwọn òbí kó wá ni ẹ̀rọ ń fi dán àwọn ọmọ wò nínú ìbòjú, lójoojúmọ́, títí ọkàn wọn kò fi ní yà sí i mọ́. Wọ́n ní ó wà ní ojú ewé kẹfà. Ẹ̀gbà mi ti yí kí n tó dé ojú ewé kejì.

Gbádébọ̀ ni àdúgbò kọ́kọ́ fi ṣẹ̀rín. Dòdò á máa ta nínú epo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi fọwọ́ kàn án léjìká. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ kí mi bí ó ti máa ń ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí mo ti máa ń ṣe. Mo dé àárín, ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò kaná. Mo rò pé ó ń kánjú ni. Ní ọjọ́ kejì, ó tún dìde. Ní ọjọ́ kẹta, n kò tíì ju gbólóhùn kan lọ.

Ní ọjọ́ tí ó dá mi lójú, inú ṣọ́ọ̀bù ni a wà. Okùn tí mo fi so fúréèmù kẹ̀kẹ́ mẹ́ta mọ́ àjà fẹ́ já lé e lórí. Mo kígbe "Àwẹ̀ró!" Kò wòkè. Mo tún kígbe. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Ìgbà tí mo pariwo "Fẹ̀hìntọlá!" ló tó fò sẹ́yìn, irin sì já lulẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí ìyá òun kò sùn. Èmi jókòó sílẹ̀ nínú epo kẹ̀kẹ́. N kò sọ fún un. Báwo ni bàbá ṣe máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ?

"Ìyáàfin Sówándé," ni mo wí níwájú fèrèsé, "ǹjẹ́ ó lè padà bọ̀ sípò?"

"Ẹ ti bi mí rí, bàbá."

"Mo tún ń bi yín ni."

"Etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ni kò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. A kò tíì rí ẹnì kan tó padà." Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó gbójú kúrò lára mi. "Orin kan ni wọ́n fi kọ́ èmi. Ìyá mi ló máa ń kọ ọ́ bó bá ń di irun fún mi. Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìwé nílé. Mo máa ń kà á."

Mo ní kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ó ní àmín.

Ó wá fún mi ní ọ̀já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó ní kí n dè é mọ́ orí. "Ẹ ó wọlé, ẹ ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀n apá kan sí i. Ẹ ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà ni ẹ ó fi pè é. Tọkàntọkàn ni kí ẹ pè é o, bàbá. Bí ẹ bá fi ahọ́n lásán pè é, ọ̀já yẹn máa sọ fún wa, a ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò."

"Bí ó bá dáhùn ńkọ́?"

"Ó ti já nìyẹn. Ẹ ó jọ máa lọ sílé."

Ìyẹn náà ló ń dún sí mi létí bí mo ṣe wọ yàrá. Ẹ ó jọ máa lọ sílé. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Mo rí ibi tí irun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọrùn, mo rí àpá kékeré tí irin kẹ̀kẹ́ dá sí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Èrò burúkú kan sì wọ inú mi. Fẹ̀hìntọlá ni kí n pè é. Orúkọ yẹn ṣì ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí n bá pè é, kí n ṣe bí ẹni tó ṣì í pè, ó máa yíjú, gbogbo rẹ̀ á parí. Ó máa sunkún oṣù kan, oṣù méjì. Ọmọ a máa sunkún, a sì máa dákẹ́. Ó máa wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, epo á wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó jọ máa jẹun alẹ́. Kí n má purọ́, mo rò ó gan-an. Mo ti la ẹnu.

Lára ògiri, àyà ọmọ ìkókó náà dúró. Èmi kò mọ̀ pé ó ti dúró. Títẹ̀ tí àtàǹpàkò ọmọ mi tẹ bọ́tìnì ni mo rí, kí ọmọ náà tó gba èémí tuntun. Mo wá rántí ìṣẹ́jú mẹ́rin ti Mórádékẹ́. Ká ní irú ọmọbìnrin yìí ni wọ́n fi ṣọ́ ọ ni, ọmọ méjì ni ì bá máa da ilé mi rú lónìí.

Ó wù mí kí ó yege. Ó wù mí kí ó gbọ́ mi. Ẹnu kan náà ni mo fi bẹ Ọlọ́run fún méjèèjì, mo sì mọ̀ pé kò lè fún mi ní méjèèjì.

Mo pè é nígbà àkọ́kọ́ bí mo ṣe máa ń pè é láàárọ̀, jẹ́jẹ́: "Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mi, ṣé o jí ire?"

Kò mira.

Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì bí ìyá arúgbó wa ṣe kọ́ mi:

"Àwẹ̀ró, ọmọ Oyèdìran,
Ọmọ a-rọ-irin bí ẹni ń ro ọkà,
Iná jó bàbá bàbá rẹ lọ́wọ́, kò ju ẹmú sílẹ̀,
Ọmọ ilé tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ àlejò,
Àwẹ̀ró, a-bójú-gún-bí-ìyá-ẹ̀."

Àyà ọmọ ìkókó inú ògiri dúró, ọmọ mi tẹ bọ́tìnì lásìkò.

Ìgbà kẹta, n kò mọ ohun tí mo fi pè é mọ́. Ohùn mi ti fọ́. Mo ń gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé, "Àwẹ̀ró, ọmọ Mórádékẹ́, dá mi lóhùn. Èmi bàbá rẹ ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ, èmi ni mo dúró tì ọ́ yìí. Àwẹ̀ró, dákun, dá mi lóhùn." Omi ojú mi ń kán sẹ́yìn àga rẹ̀. Mo wà nítòsí rẹ̀ débi pé bí mo bá na ìka, mo lè kan etí rẹ̀.

Ó mí sínú, ó mí síta, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti pé jọ sídìí ẹ̀rọ tí ń ya ìlà bí ọkàn ọmọ bá ṣe ń sún. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire, bàbá! Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!" Ó fi ìlà àwọn ọmọ mìíràn hàn mí: bí òbí wọn bá ti pè wọ́n, ìlà á fò sókè bí ẹja, wọ́n á sì fi agbára mú un bọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní yíyege. Tọmọ mi gún tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ibi tí mo ti sunkún, ó gún. Ó ní irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yìí. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé, mo fọwọ́ sí i.

Ìyáàfin Sówándé nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Wọ́n bọ́ ìbòjú kúrò lójú ọmọ mi. Àmì rẹ̀ yí ojú rẹ̀ ká. Ó ṣẹ́jú, ó rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi ní eékún mọ́ra. Ẹkún ló ń sun.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tí ẹ ò pè mí."

Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Mo ń retí yín," ni ó wí. "Wọ́n sọ fún wa pé òbí máa wá pe kálukú. Àwọn ẹ̀rọ ò fi ohùn yín pè mí mọ́ láti èṣí, mo rò pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin náà ò sì kì mí mọ́ nílé láàárọ̀. Mo rò pé mo ti dàgbà jù fún un lójú yín ni. Mi ò fẹ́ béèrè."

"Fẹ̀hìntọlá," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, bàbá. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn láti àná. Mo ní bí mo bá gbọ́ oríkì mi lẹ́nu yín lónìí, màá dáhùn. Kí wọ́n máa mú iṣẹ́ wọn lọ. Màá dáhùn, màá tẹ̀lé yín lọ sílé. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí títí wọ́n fi bọ́ ìbòjú. Ẹ ò pè mí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo mọ̀ pé nítorí kí n lè lọ ni. Mo mọ̀ pé ó nira fún yín."

Mo rí i tí Ìyáàfin Sówándé la ẹnu. Mo wò ó. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá sọ ọ́, kò ní lọ mọ́. Ó máa bá mi lọ sílé lọ́sàn-án yẹn, ó sì máa mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa mọ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn. Láràárọ̀ ló máa kúnlẹ̀ níwájú mi, tí yóò máa wo ẹnu mi, tí yóò máa wá a.

"Mi ò pè ọ́," ni mo wí. "Mo fẹ́ kí o lọ."

Ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo fi àgbọ̀n lé e lórí, mo sì kì í láti òkè dé ìsàlẹ̀, Àwẹ̀ró, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí n kò rántí fún ìyá arúgbó lọ́jọ́ náà. N kò yọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Ó pẹ́. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ jáde.

Nígbà tí mo kì í tán, ó gbé ojú sókè sí mi.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ ò tiẹ̀ ní sọ nǹkan kan fún mi ni?"